Òṣómàáló Níwájú Tábìlì Mi

Tẹ̀míyẹmí, èmi ni mo gba lẹ́tà rẹ.
Ọjọ́ Ajé ni, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́nà Ìsọ̀kùn,
awakọ̀ láti Òṣogbo ju àpòòwé sórí tábìlì mi,
ó ní kí n tètè fọwọ́ sí i, òun ń wá ibi tí òun yóò ti jẹ iyán.
Ìlà mẹ́ta péré. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì:
ìjọba kò bá ẹjọ́ náà lọ mọ́.
Kí wọ́n tú Olóyè sílẹ̀.
Ìbuwọ́lù rẹ nísàlẹ̀, tó lọ́ bí ìrù ọ̀bọ,
bó ṣe máa ń lọ́ nígbà tí a jọ jókòó
lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì kẹta,
tí o ń fi báírò mi kọ orúkọ rẹ sára ògiri.

Ìwé òfin wà lẹ́yìn mi, ikán ti jẹ etí rẹ̀.
Ó ní tìrẹ ni agbára náà,
pé adájọ́ pàápàá kò ní bi ọ́ pé kí ló dé.
Ṣùgbọ́n ó ní kí o kọ́kọ́ wo ire ará ìlú,
kí o wo ire ìdájọ́,
kí ẹnikẹ́ni má sì fi òfin ṣe pàṣán na ọmọ ẹlòmíì.
Mo wá ọ̀kankan nínú wọn nínú lẹ́tà rẹ.
Mo tilẹ̀ yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Kọmíṣánnà ni ọ́, Agbẹjọ́rò Àgbà sì ni ọ́.
Fìlà méjì, orí kan.
Èyí tí Gómìnà dé fún ọ, ó lè ṣí i lọ́la.
Èkejì jẹ́ tiwa,
a ò kàn mọ ibi tí a ti máa dì í mú ni.

Màmá Ìbíyẹmí kò mọ̀wé. Kòtò ni wọ́n mọ̀:
kòtò góòlù Olóyè, lẹ́yìn oko kòkó, lọ́nà abà Alákùkọ,
tí ọmọ ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
sọ̀ kalẹ̀ sí nítorí ẹgbẹ̀rún méjì náírà,
tí ilẹ̀ sì panu dé.
Ọjọ́ mẹ́rin la fi hú u.
Ṣọ́bìrì kan la kọ́kọ́ rí, àti bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ òsì.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Màmá ń wá. Mo gbé àga, wọ́n kọ̀.
Wọ́n lóṣòó síwájú tábìlì mi, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé,
gẹ́lẹ́ bí baba baba rẹ, Tẹ̀míyẹmí,
ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó rajà láwìn
láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀fà,
tó ní òun ò ní dìde, òun ò ní mumi,
òṣó lòun máa ló gba owó aṣọ òun.
Owó yẹn ló kọ́ ilé alájà ní Òkèesà.
Owó yẹn ló rán ọ lọ sílé ìwé.
“Gbèsè ni,” Màmá wí, “n ò wá tọrọ.”
Wọ́n bi mí: “Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Àgbà yìí,
kí ló fi dàgbà?”
Mo wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo ní o kàwé púpọ̀.

Mo gbọ́ pé o wálé síbi ìsìnkú ìyá rẹ,
o rí Màmá lẹ́bàá géètì, o sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù,
o dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú agbádá funfun.
Gbogbo àdúgbò ní ọmọlúàbí ni ọ́.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ dọ̀bálẹ̀.
Ìbuwọ́lù rẹ wà ní ìdúró.

N ò sọ pé ọwọ́ tèmi mọ́.
Èmi ni mo lu lẹ́tà yẹn lóǹtẹ̀,
mo tì í sínú fáìlì, mo so okùn pupa mọ́ ọn,
mo sì lọ jẹun.
Oṣù mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì.

Lónìí oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó mú Màmá lójú.
Mo dìde kí n fa aṣọ fèrèsé,
n ò mọ ohun tó ṣe mí, mo bá wọn lóṣòó.
Orúnkún mi dún. Akọ̀wé kékeré rẹ́rìn-ín.
Láti ìsàlẹ̀ ibí yìí, Tẹ̀míyẹmí,
ẹnìkan ò lè rí lẹ́tà rẹ lórí tábìlì.
Ẹsẹ̀ tábìlì là ń rí,
àti bàtà àwọn tó ń kọjá.